ṢÍṢÍ ỌMỌ IRÚGBÌN GBÌN SÍNÚ ÌKÒKÒ: Ẹ̀KỌ́ KAN LÁTI AYỌ̀BỌ̀

Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ọmọ ènìyàn ni a sábà máa ń pa òwe yìí mọ́, ṣùgbọ́n ó bá igi gan-an mu pẹ̀lú. Ohun tí igi yóò dà lọ́jọ́ iwájú wà lọ́wọ́ ohun tí ojú rẹ̀ bá rí nígbà tí ewé rẹ̀ kò tíì ju mẹ́rin lọ. Nínú gbogbo ohun tí ojú ọmọ irúgbìn sì ń rí, kò sí èyí tí ó léwu tó ọjọ́ tí a hú u kúrò níbi tí ó gbé hù, tí a gbé e lọ sínú ìkòkò. Ọ̀pọ̀ ni kì í rí ọjọ́ kẹta.

Ìdí mẹ́ta ni mo fi mú kókó yìí wá síwájú ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Èkíní, ilẹ̀ oko ti di ilẹ̀ ilé ní àdúgbò wa, ìkòkò ẹ̀bá fèrèsé àti ọ̀rá dúdú ẹ̀yìnkùlé ni oko tí ó kù fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Èkejì, ohun tí ń pa ọmọ irúgbìn kì í ṣe ohun àràmàǹdà. A lè mọ ìdí rẹ̀, a sì lè dènà rẹ̀. Ẹ̀kẹta, bí àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá kò bá lè fi Yorùbá ṣàlàyé bí ata ṣe ń ta gbòǹgbò, a kò ní ẹnu láti sọ pé èdè wa tó fi kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì.

Mo pín ọ̀rọ̀ mi sí ọ̀nà márùn-ún: ìtàn ọ̀gbìn ní agbègbè Ayọ̀bọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ní fún iṣẹ́ yìí, ohun tí ń ṣe ọmọ irúgbìn nígbà tí a bá ṣí i, bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà, àti àwọn ewéko ilé tí a ní lórúkọ.

1. Ayọ̀bọ̀ àti Ọ̀gbìn

Ayọ̀bọ̀ wà ní ìpẹ̀kun Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ó ti bá Ìpínlẹ̀ Ògùn pààlà. Abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Àlímọ̀ṣọ́ ni ó wà, kí wọ́n tó dá ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Ayọ̀bọ̀-Ìpájà sílẹ̀ ní ọdún 2003. Lónìí, ilé lọ́tùn-ún, ilé lósì ni. Yunifásítì pàápàá ti wà níbẹ̀: ọdún 2016 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí Yunifásítì Anchor.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ilé àti mọ́tò tàn wá jẹ. Apá ìwọ̀-oòrùn Èkó yìí, láti Agége lọ, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí iṣẹ́ kòkó ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò ọmọ Sàró tí a bí ní 1828, dá oko kòkó sílẹ̀ ní Ijon. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mìíràn bíi Jacob Kẹ́hìndé Coker dá oko ńláńlá sílẹ̀ ní Agége. Ní ọdún 1907 ni àwọn àgbẹ̀ náà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n wá láti òkè gba owó iṣẹ́ wọn lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì gba irúgbìn kòkó pẹ̀lú, wọ́n gbé e lọ sí ìlú wọn. Ọ̀nà kan nìyẹn tí kòkó gbà dé ìgbèríko ilẹ̀ Yorùbá.

Kí ni èyí kàn wá? Ohun tí ó kàn wá ni pé kóró kòkó kì í pẹ́ kú. Bí a bá yọ ọ́ nínú pádi tí a jẹ́ kí ó gbẹ, kò ní hù mọ́. Nítorí náà ni àgbẹ̀ kòkó fi ń tètè gbìn ín, tí ó ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ lábẹ́ ibòòji imọ̀ ọ̀pẹ fún bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ó tó ṣí i lọ sí oko. Ẹ̀kọ́ tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1964, ń kọ́ àgbẹ̀ nípa ọ̀rá dúdú, ibòòji àti omi kò yàtọ̀ ní ìpìlẹ̀ sí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbin ata sínú ike ọ̀dà ní Ayọ̀bọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí iṣẹ́ ṣe tóbi tó ni ó yàtọ̀, ìlànà kò yàtọ̀.

2. Àwọn Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá Ní

Ẹni tí ó bá ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí kò tíì bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a tò wọ́n bí ọjọ́ ayé irúgbìn ṣe tò.

A máa ń fún irúgbìn bí ó bá jẹ́ wóró wẹ́wẹ́ bíi ti tẹ̀tẹ̀ tí a ń fọ́n sórí ilẹ̀. A máa ń gbìn ín bí a bá gbẹ́ ihò fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Irúgbìn a hù. Lẹ́yìn náà a yọ ewé. A ta gbòǹgbò. A yọ ọ̀mùnú, èyí tí í ṣe orí rẹ̀ tútù tí ó ń nà sókè. Bí a bá hú u níbi tí ó hù sí, tí a tún un gbìn síbòmíràn, àwọn àgbẹ̀ ń pè é ní lílọ́; àwa tí a kò gbé oko sì ń sọ pé a ṣí i gbìn. Bí ara bá ni ín, ewé rẹ̀ a rọ. Bí omi bá pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, gbòǹgbò a rà. Bí omi bá tán, a gbẹ. Bí ó bá sì borí gbogbo rẹ̀, a múlẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rírọ àti gbígbẹ. Ewé tí ó rọ ṣì lè jí. Ewé tí ó gbẹ kò lè jí mọ́. Ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ti mọ ìgbà tí a ń sáré bomi àti ìgbà tí a ń gbá ewé dànù. Ìmọ̀ wà nínú èdè.

Ní ọdún 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Nígbà tí ó di 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, ó sì fún wa ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ti ewéko àti ti oko ṣì pọ̀ níwájú. Àwa ni a ó ṣe é, a kò sì gbọdọ̀ jókòó sínú yàrá kan kí a máa hun ọ̀rọ̀ tuntun, nígbà tí ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lẹ́nu àgbẹ̀ ń kú lọ.

3. Ohun tí ń Ṣe Ọmọ Irúgbìn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gbòǹgbò tí a ń fi ojú rí ni ó ń mu omi. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Irun wẹ́wẹ́ tí ó bo ara gbòǹgbò nítòsí ṣóńṣó rẹ̀ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Irun yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán fi ń ṣòro láti rí i, ó sì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pinpin. Nígbà tí a bá fa ọmọ irúgbìn tu, inú ilẹ̀ ni irun náà ń já sí. Gbòǹgbò wà lọ́wọ́ wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu tí ó fi ń mu omi ti já.

Ní òkè, ewé kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ihò kéékèèké wà lára ewé, láti inú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí omi sì ń gbà jáde bí òógùn. Bí oòrùn bá ṣe ń mú sí, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni omi ń lọ sí. Ewé ń náwó, gbòǹgbò kò sì rí owó pa. Gbèsè dé nìyẹn. Ìdí tí ewé fi ń rọ nìyẹn lẹ́yìn ìṣígbìn, àní bí omi tilẹ̀ wà nínú ilẹ̀ rẹpẹtẹ.

Bí ẹni tí kò mọ ìdí yìí bá rí ewé tí ó rọ, omi ni yóò máa dà sí i láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Omi á wá gba ààyè afẹ́fẹ́ nínú ilẹ̀. Gbòǹgbò ń mí. Bí kò bá rí afẹ́fẹ́, a rà. Àìsàn kan tún wà tí èbu inú ilẹ̀ ń fà, tí ó ń jẹ ìdí ọmọ irúgbìn níbi tí igi rẹ̀ ti bá ilẹ̀ pàdé, tí ọ̀gbìn náà a fi ṣubú lulẹ̀ lójijì bí ẹni tí a gé lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ tí ó tutù jù, tí ọmọ irúgbìn sì há mọ́ra wọn níbẹ̀, ni èbu yìí fẹ́ràn jù.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì péré ni gbogbo iṣẹ́ ìṣígbìn pín sí: kí a dín ohun tí gbòǹgbò yóò pàdánù kù, kí a sì dín ohun tí ewé yóò ná kù títí gbòǹgbò yóò fi yọ irun tuntun. Gbogbo ìlànà tí ó tẹ̀ lé e yìí, inú ọ̀kan nínú méjèèjì ni yóò bọ́ sí.

4. Bí A Ṣe ń Ṣe É

(a) Ilẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé nìkan kì í tó, nítorí pé nínú ìkòkò ó máa ń dì. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ olùtọ́jú irúgbìn ní Nàìjíríà ń lò ni agolo ilẹ̀dú mẹ́ta, agolo ìgbẹ́ adìẹ méjì, àti agolo iyanrìn odò kan. Ìgbẹ́ adìẹ náà gbọ́dọ̀ ti jẹrà pátápátá. Bí ó bá ṣì ń gbóná, tàbí tí òórùn rẹ̀ ṣì ń ta ni nímú, kò tíì ṣeé lò. Yóò jó gbòǹgbò. Kí a po gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí a sẹ́ ẹ, kí a ṣa òkúta, èéfọ́ ìgò àti ọ̀rá kúrò.

(b) Ìkòkò. Ohunkóhun tí ó bá lè gba ilẹ̀ dúró ni ìkòkò: ìkòkò amọ̀, agolo mílíìkì, ike ọ̀dà, ọ̀rá dúdú àwọn olùtọ́jú irúgbìn, títí dé ọ̀rá omi tí a mu tán. Ohun tí ó pọn dandan ni ihò nísàlẹ̀. Ìkòkò tí kò ní ihò, kànga ni.

Àwọn kan a máa kó òkúta sísàlẹ̀ ìkòkò pé kí omi lè rí ọ̀nà lọ. Àṣà yìí gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe ohun tí a rò pé ó ń ṣe. Ilẹ̀ kíkúnná a máa di omi mú. Omi kì í sì í fi ilẹ̀ kíkúnná sílẹ̀ bọ́ sáàárín òkúta àyàfi bí ilẹ̀ náà bá kún fún omi dẹ́nu. Òkúta náà kàn ń gbé ibi tí omi dúró sí sókè sí ẹsẹ̀ gbòǹgbò ni, ó sì ń gba ààyè ilẹ̀. Èéfọ́ ìkòkò kan ṣoṣo lójú ihò, kí ilẹ̀ má baà ṣàn jáde, tó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a má ṣe gbé ọmọ irúgbìn kékeré sínú ìkòkò ràgàjì. Gbòǹgbò rẹ̀ kò lè mu omi gbogbo ilẹ̀ náà tán, èyí tí ó kù a sì máa kan níbẹ̀. Kékeré ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Bí gbòǹgbò bá yọjú ní ihò ìsàlẹ̀, kí a gbé e sínú èyí tí ó tóbi díẹ̀ sí i.

(d) Ìgbà. Ewé méjì tí ó kọ́kọ́ yọ lára ata tàbí ẹ̀fìnrín kì í ṣe ewé rẹ̀ gan-an. Oúnjẹ tí inú kóró gbé wá ni. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e, tí wọ́n jọ ewé ìyá wọn, ni a ń kà. Bí irúgbìn bá yọ méjì sí mẹ́rin nínú ìwọ̀nyí, ó tó ṣí sínú ìkòkò kékeré. Ata tí a fẹ́ ṣí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sínú ìkòkò tí yóò gbé so, kí ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

Nínú ọdún, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ó dára jù ní apá Èkó, láti bí oṣù kẹrin. Ìgbà ọyẹ́ ni ó burú jù, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa fa omi ara ewé. Nínú ọjọ́, ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹni tí ó bá ṣí irúgbìn nírọ̀lẹ́ ti fi òru kan gbáko ta á lọ́rẹ kí oòrùn tó dé.

(e) Híhú. Kí a bomi rin ibi tí irúgbìn wà ní wákàtí bí méjì ṣáájú. Kí a má fà á. Kí a fi igi pẹlẹbẹ tàbí ẹ̀yìn ṣíbí wa ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, kí a gbé e tòun ti ilẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Bí a bá ní láti dì í mú, ewé ni kí a dì mú, kì í ṣe igi rẹ̀. Irúgbìn lè yọ ewé mìíràn, ṣùgbọ́n igi kan ṣoṣo ni ó ní. Bí ìka wa bá fún un pa, ó parí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

(ẹ) Gbígbìn. Kí ihò tí a gbẹ́ sínú ìkòkò gba gbòǹgbò láìká a kò. Gbòǹgbò tí a bá ká sókè kì í sábà tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe. Kí ó wọlẹ̀ dé ibi tí ó wọlẹ̀ dé tẹ́lẹ̀. A lè rì tòmátì jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé igi rẹ̀ a máa ta gbòǹgbò. Kí a fi ìka tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn fẹ́ẹ́rẹ́, kí a sì bomi títí yóò fi yọ ní ìsàlẹ̀. Omi yìí ni ó ń mú kí ilẹ̀ lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò padà.

(f) Ìtọ́jú. Kí ó wà ní ibòòji fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje. Lẹ́yìn náà kí a máa gbé e sí oòrùn àárọ̀ fún wákàtí kan, méjì, mẹ́ta, títí ara rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn. Kí a tó bomi, kí a ti ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́. Bí ó bá ṣì tutù níbẹ̀, kí a fi í sílẹ̀. Kí a má ṣe fún un ní ajílẹ̀ kankan títí yóò fi yọ ewé tuntun. Ewé tuntun ni ìròyìn tí gbòǹgbò fi ránṣẹ́ sí wa pé òun ti múlẹ̀.

5. Àwọn Ewéko Ilé tí A Ní Lórúkọ

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ewéko ọ̀ṣọ́ kún un. Lẹ́bàá títì káàkiri Èkó ni àwọn olùtà òdòdó ń to ìkòkò sí. Ó ń ṣe mí ní àánú pé àwọn ọ̀dọ́ mìíràn ń ra pèrègún níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ òkèèrè, tí wọn kò mọ̀ pé òun náà ni baba ńlá àwọn fi ń pààlà ilẹ̀, tí a sì ń gbìn sí ojúbọ. Ọ̀já ìkookò náà ń bẹ níbẹ̀, ewéko tí ewé rẹ̀ gùn, tí ó ní ìlà bí ọ̀já tí a fi ń pọn ọmọ. Ó yẹ kí a mọ̀ pé lẹ́yìn ìwádìí, àwọn onímọ̀ ewéko ti kó irú ọ̀já ìkookò mọ́ ìdílé kan náà pẹ̀lú pèrègún. Méjèèjì kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa. Pèrègún kò tilẹ̀ ń fẹ́ kóró. Bí a bá gé igi rẹ̀ rì sínú ilẹ̀ tútù, yóò rúwé.

Èyí tí ó yẹ kí olùkọ́ mú wọ kíláàsì jù ni àbámodá. Ilẹ̀ Madagásíkà ni ó ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi sọ ọ́ lórúkọ, tí ó sì di ọ̀kan nínú ewé àwọn oníṣègùn. Bí ewé rẹ̀ kan bá bọ́ sílẹ̀ tútù, létí ewé náà ni ọmọ kéékèèké yóò ti yọ, olúkúlùkù pẹ̀lú gbòǹgbò àti ewé tirẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé lè fi ojú ara rẹ̀ rí gbòǹgbò kí ó tó wọlẹ̀. Bí ọmọ náà bá ní ewé mẹ́rin, kí a já a lára ìyá rẹ̀, kí a gbé e lé ilẹ̀ inú ìkòkò, kí a má rì í. Kò nílò kóró, kò ní owó, kò sì ṣòroó tọ́jú. Ẹ̀kọ́ bí ó ti yẹ ni.

Ìkádìí

A ti rí i pé ohun tí ń pa ọmọ irúgbìn tí a ṣí ni pé gbòǹgbò pàdánù ẹnu, ewé sì ń náwó lọ. A ti rí i pé ìrọ̀lẹ́, ibòòji, ilẹ̀ tí ó fúyẹ́, ìkòkò tí ó ní ihò àti ọwọ́ ẹ̀sọ̀ ni oògùn rẹ̀. A sì ti sọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá, láìyá ju ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan lọ.

Oko Ijon àti ti Agége ti di àdúgbò ilé. Bí ilẹ̀ bá lọ, tí orúkọ ewéko tún lọ, tí ọ̀rọ̀ bíi lílọ́ àti ọ̀mùnú tún kú lẹ́nu wa, kí ni a ó fi kọ́ ọmọ tí ń bọ̀? Mo ń rọ olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ wa láti gbin ohun kan ṣoṣo ṣáájú òjò tí ń bọ̀, kí ó sì béèrè ọ̀rọ̀ márùn-ún nípa ọ̀gbìn lọ́wọ́ àgbàlagbà kan nílé, kí ó kọ wọ́n sílẹ̀ tàmì-tàmì. Ẹgbẹ́ lè kó wọn jọ. Ohun tí a bá gbìn ni a ó ká.

Ìbéèrè fún Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín fífún irúgbìn, gbígbìn ín àti lílọ́ ọ? Fi àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan gbe ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀.

2. Ṣàlàyé ìdí tí ewé ata tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí gbìn fi lè rọ nígbà tí ilẹ̀ ìkòkò rẹ̀ ṣì tutù. Ṣé ó yẹ kí a bomi sí i?

3. Kí ni ó burú nínú kíkó òkúta sísàlẹ̀ ìkòkò?

4. Wá orúkọ ewéko ilé mẹ́ta ní àdúgbò rẹ. Èwo nínú wọn ni ó ní orúkọ Yorùbá, kí sì ni ìtumọ̀ orúkọ náà?